Ogún Tí A Kò Pín: Òjé ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ àti Ẹ̀tọ́ Àwọn Ọmọ Tí A Kò Tíì Bí

Kútùbá Kìíní

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn láti inú erùpẹ̀, tí Ó sì fi erùpẹ̀ kan náà ṣe oko, ibùgbé àti ibojì fún un. A ń dúpẹ́ fún Un, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ páyà Ọlọ́hun.

Àáyà kẹsàn-án nínú Súrátun-Nisáì ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́hun ń pe àwọn tí ọ̀rọ̀ ogún wà lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n rò ó wò: bí ó bá jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọ́n ń kú lọ, tí wọ́n sì ń fi ọmọ aláìlágbára sílẹ̀ sẹ́yìn, ṣé ọkàn wọn kò ní dàrú? Nítorí náà, kí wọ́n páyà Ọlọ́hun nípa ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ owó àti dúkìá ni àwọn onítúmọ̀ sábà máa ń gbé e lé. A kò já wọn ní koro. Ṣùgbọ́n ogún pọ̀ ju ilé àti ilẹ̀ lọ. Ojú, imú, gíga àti kúkúrú, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ ń jogún. Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ wa ń jogún lónìí, tí kò sí nínú ìwé ìhágún ẹnikẹ́ni, tí mọ̀lẹ́bí kò sì péjọ láti pín. Òjé ni.

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìkòròdú wá sí Ṣágámù rí mọ Ògíjo. Ìlú Rẹ́mọ ni, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù ni ó wà. Nítorí pé ó súnmọ́ Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ́ irin pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ àti bátìrì inverter tí ó ti kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times ti Amẹ́ríkà àti àwọn oníròyìn The Examination gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Ènìyàn 70 tí wọ́n ń gbé tàbí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n gbà kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tí ó léwu. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, kò sí ẹyọ kan tí májèlé náà kò sí lára rẹ̀. Nínú àwọn ọmọdé Ògíjo tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní ìdajì tí òjé ara wọn tó èyí tí ó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé.

A kò lè ka èyí bí ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Nínú àwa tí a jókòó sí mọ́ṣáláṣí yìí, àwọn kan ní àbúrò ní Ògíjo, àwọn kan ní ọmọ tí ó ń jáde lọ síbẹ̀ láàárọ̀, àwọn kan sì ní ilẹ̀ tí wọ́n yá àwọn ilé iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni a ń ta bátìrì láìmọ ibi tí ó ń lọ. Ọmọkùnrin tí ó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí ó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ni a ń tà á fún. Láti ọwọ́ rẹ̀ ó di ọwọ́ alágbàtà, láti ọwọ́ alágbàtà ó di ilé iṣẹ́. Níbi tí wọn kò bá ti ní ẹ̀rọ tí ó yẹ, àdá tàbí àáké ni wọ́n fi ń la bátìrì náà. Omi áásìdì inú rẹ̀, tí òjé ti yọ́ sí, a ṣàn sílẹ̀. Àwọn òjé pẹlẹbẹ inú rẹ̀ a wọ iná ìléru, èéfín a gbéra, eruku tí ó wà nínú èéfín náà a sì bà sórí páànù, sórí aṣọ tí a sá, sórí ewédú, sínú kànga tí a kò dé, sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rákò lé. Ewé ń rà, igi ń rà, òkú ènìyàn ń di erùpẹ̀. Òjé kì í rà. Èyí tí ó bà sílẹ̀ ní ọdún yìí, ibẹ̀ ni yóò wà di ìgbà ọmọ-ọmọ, àfi bí wọ́n bá gbé erùpẹ̀ náà kúrò. Àwọn àgbà wa ní òwe kan pé òjé ti bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku ẹni tí yóò bọ́ ọ. Àwa kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú òrìṣà, ṣùgbọ́n òwe náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju bí àwọn tí wọ́n pa á ti mọ̀ lọ.

Kí ni òjé ń ṣe nínú ara? Ara ènìyàn kì í lè fi òjé mọ̀ yàtọ̀ sí kálísíọ̀mù, èròjà tí ń mú eegun le. Ó gbà á bí àlejò rere, ó sì mú un wọ inú ilé. Nínú ara àgbàlagbà, ohun tí ó lé ní ìpín àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òjé ara rẹ̀ ni ó wà nínú eegun, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń mú oyún wálẹ̀. Ti ọmọdé le jù bẹ́ẹ̀: nínú òjé tí ó bá gba ẹnu wọlé, ara ọmọdé ń gba ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ohun tí ara àgbà ń gbà, ọpọlọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìran tí ń bọ̀ nìyí. Ẹ fojú inú wo ọmọdébìnrin kan, ọmọ ọdún méje, tí ó ṣeré nínú eruku yìí. Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn. Ó dàgbà, ara rẹ̀ dá ṣáṣá lójú ènìyàn, ó lọ́kọ, ó lóyún. Ọmọ inú rẹ̀ ń fẹ́ eegun. Bí oúnjẹ ìyá kò bá tó o, Ọlọ́hun ti ṣe ara abiyamọ ní ọ̀nà tí yóò fi yọ nínú eegun tirẹ̀ fún ọmọ. Àánú ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí eegun ìyá bá ń yọ kálísíọ̀mù, òjé ogún ọdún sẹ́yìn a bá a jáde, a wọ inú ẹ̀jẹ̀, a gba inú ibi ọmọ kọjá, nítorí ibi ọmọ kò ní ògiri tí ó lè dá a dúró. Ọmọ tí kò rí Ògíjo rí, tí a kò tilẹ̀ tíì sọ lórúkọ, ti gba ìpín tirẹ̀ nínú èéfín Ògíjo.

Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súrátuz-Zumar pé nínú òkùnkùn mẹ́ta ni Òun ti ń dá wa, ìṣẹ̀dá kan tẹ̀lé òmíràn, nínú ikùn àwọn ìyá wa. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ohun kan kún un tí ó yẹ kí ó mú wa wárìrì. Bí ọmọ inú bá jẹ́ obìnrin, kí oyún náà tó pé oṣù márùn-ún, gbogbo ẹyin tí yóò fi bímọ ní ayé rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí aboyún kan bá fa èéfín símú, ènìyàn mẹ́ta ni èéfín náà lè kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ìyá, ọmọ, àti ìbẹ̀rẹ̀ ọmọ-ọmọ.

Àwọn kan yóò béèrè pé ṣé májèlé tilẹ̀ lè fi àmì sílẹ̀ lára ẹni tí kò kàn rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nílé kéwú yóò tètè yé. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta, kaf, ta àti ba. Bí ẹ bá fi àmì kan sí i, ó di kataba, ó kọ ọ́. Bí ẹ bá pa àmì náà dà, ó di kutiba, a kọ ọ́ ní ọ̀ranyàn. Lẹ́tà kò yí padà, kíkà ni ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí Ọlọ́hun kọ sínú ara wa rí: àwọn èròjà kan wà lórí rẹ̀ bí àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, májèlé sì lè gbé àmì sí ibi tí kò yẹ. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Washington State ní Amẹ́ríkà fi hàn pé oògùn apa-ebu kan tí wọ́n fún eku tí ó lóyún ba àtọ̀ àwọn akọ jẹ́ títí dé ìran kẹrin. Ní ọdún 2015, ìwádìí mìíràn ní ìlú Detroit, lára ìyá àti ọmọ 35, rí àmì tí ó jọ pé òjé ara ìyá àgbà ti fi sí ara ọmọ-ọmọ. Ìwádìí kékeré ni èyí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í búra. Ti eegun ìyá àti ibi ọmọ tí a sọ ṣáájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròyé. Ohun tí a ti wọ̀n ni.

Ẹ̀yin ará, ìdí tí a fi gùn ún tó báyìí ni ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ ládùúgbò. Ọmọ kan kò lè ka ìwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní olódo ni. Kò lè jókòó sójú kan, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. Oyún obìnrin kan wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní àjẹ́ ilé ọkọ ni, tàbí pé ìdílé wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀, èpè ìran ni. Wọ́n á wá gbé e lọ sọ́dọ̀ aríran, owó á lọ, ìgbàgbọ́ á sì bá owó lọ. A kò sọ pé òjé ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé lẹ́bàá ìléru, tí ó sì kọ́kọ́ fura sí ìyá ọkọ rẹ̀ kí ó tó fura sí èéfín, ó ti ṣàbòsí sí ènìyàn.

Níbí ni ìbéèrè kan ti ń dìde, a kò sì fẹ́ sá fún un. Nínú Súrátul-An'ám, Ọlọ́hun sọ pé ẹ̀mí kan kò ní ru ẹrù ẹ̀mí mìíràn. Báwo wá ni ọmọ ṣe ń ru ẹrù tí àgbà dì? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ni àáyà náà ń sọ. Ọmọ ń ru àìsàn. Kò ru ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sọnù síbẹ̀síbẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó dá iná náà, tí ó mọ̀, tí ó sì ń bá a lọ. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ẹni tí ó bá dá àṣà búburú sílẹ̀ yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àti ti àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e, láìdín nínú tiwọn. Òwò tí ìpalára rẹ̀ ń gba inú eegun kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ, ìwé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gùn lẹ́yìn tí ẹni tí ó ni ín ti wọ sàréè. Nínú Súrátul-Bakọra, Ọlọ́hun ṣàpèjúwe ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kẹ̀yìn, ó ń sáré láti ba ohun ọ̀gbìn àti àrọ́mọdọ́mọ jẹ́. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́hun so méjèèjì pọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ní ọdún 2010, àwọn ará abúlé ń fọ́ òkúta góòlù nínú agbo ilé wọn, àwọn kan tilẹ̀ ń lo ẹ̀rọ ìlọkà. Òjé wà nínú òkúta náà. Ó lé ní 400 ọmọdé tí wọ́n kú kí ayé tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 ni wọ́n kú níbi tí àwọn ènìyàn ti ń la bátìrì, tí wọ́n sì ń sẹ́ erùpẹ̀ rẹ̀ tà. Àwọn mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, tálákà tí ń wá oúnjẹ òòjọ́. A kò bú wọn. A kàn ń sọ pé ikú wọn ti kìlọ̀ fún wa.

Oúnjẹ òòjọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ náà fi le. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń gba owó oṣù níbẹ̀, àwọn ìyá ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Àwa kò dìde láti sọ pé kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa lọ́la. Wọ́n ń yọ́ òjé ní àwọn ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó ń la bátìrì fúnra rẹ̀ àti asẹ́ tí ó ń gba eruku lẹ́nu èéfín. Owó ni ó ń náni. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti ná owó náà ti pinnu pé eegun ọmọ wa ni kí ó jẹ́ asẹ́ fún òun. Ànábì wa fi àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kan ṣe àpèjúwe fún wa. Àwọn tí wọ́n wà nísàlẹ̀ fẹ́ dá ihò sí ìpín tiwọn kí wọ́n lè rí omi láìyọ àwọn tí ó wà lókè lẹ́nu. Bí àwọn tòkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. Ní Ògíjo, ó jọ pé àwọn tí wọ́n wà lókè gan-an ni wọ́n ń dá ihò náà.

A fẹ́ kí a gbọ́ eléyìí dáadáa: kò yẹ kí ẹnu ìmáàmù wúwo nítorí pé ilé iṣẹ́ kan ra ẹní tàbí gbẹ́ kànga fún mọ́ṣáláṣí. Sàráà kì í fọ èéfín. Kí àwọn baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ náà wo ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ọwọ́ sí. Àjọ NESREA tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀ wà fún irú ẹjọ́ yìí, ẹ̀tọ́ ará ìlú sì ni láti béèrè àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ àti omi wọn.

Nínú Súrátul-Káfì, ògiri kan fẹ́ wó, ìṣúra àwọn ọmọ òrukàn méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́hun mú kí wọ́n tún ògiri náà mọ, nítorí pé ẹni rere ni bàbá wọn. Àwọn onítúmọ̀ kan tilẹ̀ sọ pé bàbá náà kì í ṣe ẹni tí ó bí wọn, bàbá wọn keje sókè ni. A ń sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀.

Kútùbá Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Àwọn ohun tí ó wà níkàáwọ́ wa ni ó kù. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la tàbí yọ́ bátìrì, kí ó má wọ aṣọ iṣẹ́ náà wọlé, kí ó má sì fi gbé ọmọ. Kí ó wẹ̀ kí ó tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n sì fọ aṣọ náà lọ́tọ̀. Níbi tí eruku bá ti ń bà, kí a má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá inú ilé. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún. Kí a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe níbí. Kí a fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun, kí ó má sì fi ebi jáde láàárọ̀, nítorí inú òfìfo ń gba òjé ju inú tí ó yó lọ. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, wàrà, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, gbogbo wọn ń dín ohun tí ara yóò gbà kù. Wọn kò lè lé èyí tí ó ti wọ eegun jáde, àgbo náà kò sì lè ṣe é. A kò sọ pé kí abiyamọ já ọmọ lẹ́nu ọmú o. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Àyẹ̀wò ibà kì í fi òjé hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ó bá ti tó máíkírógíráàmù 5 nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí a wá ibi tí ó ti ń wá, kí a sì dí i. Oògùn wà fún èyí tí ó bá pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò wúlò bí ọmọ bá tún padà sínú eruku kan náà. Ní Zamfara, wọ́n kọ́kọ́ kó erùpẹ̀ agbo ilé kúrò kí wọ́n tó fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní oògùn.

Ọ̀rọ̀ tìróò náà wà. A mọ̀ pé Ànábì wa fẹ́ràn ithmid fún ojú. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni púpọ̀ nínú èyí tí a ń rà lọ́jà fi jọ ọ́. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n wá a títí, wọ́n bá a nínú tìróò tí wọ́n ń lé fún un: ìpín 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó jẹ́ òjé. Ẹ má lé e fún ọmọ ọwọ́ mọ́. Kò sí ẹni tí yóò bi wá nípa rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣírò.

Nípa bátìrì inverter tí ó ti kú nílé wa, kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà á ibi tí ó ń gbé e lọ. Bí a bá mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni wọn yóò ti là á, tí a sì tà á nítorí pé owó rẹ̀ fi díẹ̀ lé, a ti ran ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́, Ọlọ́hun sì ti kọ̀ ọ́ fún wa nínú Súrátul-Máídà.

Ọlọ́hun, ṣe ìwòsàn fún àwọn ọmọ Ògíjo àti gbogbo ọmọ tí májèlé yìí kàn. Má jẹ́ kí a fi ìran wa tà fún owó. Fún àwọn aláṣẹ wa ní ọkàn tí ń bẹ̀rù Rẹ. Ṣe àánú fún àwọn tí wọ́n ti kú, kí O sì la ojú àwọn tí wọ́n ń ṣe é láìmọ̀. Àmín.

Lẹ́yìn ìrun, kí àwọn tí ọmọ tàbí ìbátan wọn ń gbé nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ náà dúró lápá ọ̀tún mọ́ṣáláṣí, kí akọ̀wé kọ orúkọ àti iye ọmọ sílẹ̀, kí a lè bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò wọn. Kí àwọn aboyún jẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ gbé ìrun dúró.